Ìlú Tí Màmá Lọ Dán Wò

Màmá fi ìdí gbá ògiri kànga náà lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún fi gbogbo ara tì í. Ó ní kí n wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kóun fi mí wọn ibi tí ẹnu rẹ̀ ga dé. Ó dé mi láyà. Kànga náà ní ìdérí pákó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni pákó ọ̀hún wà, adìyẹ kan dúró lé e lórí. Obìnrin tó ń fa omi níbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wa, ó kí wa kú ìrìn, ó bi wá bóyá òùngbẹ ń gbẹ wá, ó sì bu omi tútù fún wa nínú ife oníke. Màmá gba omi náà, ó dúpẹ́, ó mu díẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà gbé korobá rẹ̀ rù tó ń lọ, Màmá tẹjú mọ́ ọn títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

“Kí ló ń dùn mọ́ ọn nínú tó báyẹn?” ó bi mí. “Ṣé ó mọ̀ wá rí ni?”

Mo ní kò mọ̀ wá rí.

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.”

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Màmá ni ìyá tó bí bàbá mi. Ìlú kékeré tí a wà lọ́jọ́ yẹn wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ̀yìn Ọ̀tà lọ́hùn-ún, kò jìnnà sí Èkó rárá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn èèyàn ibẹ̀ ti di ẹbí mi báyìí, wọn ò sì ní fẹ́ kí n máa gbé ọ̀rọ̀ wọn kiri. Ọ̀rọ̀ Àǹtí ló gbé wa débẹ̀. Àǹtí ni àbíkẹ́yìn Màmá, ọ̀dọ̀ wa ní Ìsọlọ̀ ló ń gbé. Ọmọ ìlú náà kan ló fẹ́ fẹ́ ẹ.

Àǹtí ní wárápá. Mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí láìfòyà, ṣùgbọ́n nílé wa nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. “Ara Àǹtí ò yá” là ń wí. Oògùn tó ń gbà nílé ìwòsàn ti jẹ́ kí àìsàn náà rọlẹ̀ púpọ̀, oṣù lè gorí oṣù kó má ṣubú, àmọ́ kò tíì lọ tán. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ṣubú níbi ìkómọ kan ládùúgbò, láti ọjọ́ náà ni àwọn ará àdúgbò ti ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n gbà pé itọ́ rẹ̀ máa ń ran èèyàn. Aránṣọ tí wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ dá a padà sílé lọ́jọ́ tó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Màmá pa ẹnu mọ́ látìgbà náà, ó sì pa ẹnu gbogbo wa mọ́ pẹ̀lú.

Ilé wa wà lójú ọ̀nà kan tó já sí títì táwọn àjàgbé ń gbà wọ Estéètì, ìyẹn ibi táwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Ìsọlọ̀ wà. Bí àjàgbé bá ti ń kọjá, gbogbo fèrèsé wa á máa gbọ̀n, Màmá á sì na ọwọ́ di ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mú kí àwọn ife má baà jábọ́, láìdá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró. Láàárọ̀, òórùn bisikíìtì máa ń wá láti ilé iṣẹ́ tí Àǹtí ti ń to bisikíìtì sínú páálí. Tó bá di ọ̀sán, òórùn rọ́bà jíjó láti ibòmíràn á gba ipò rẹ̀. Mo mọ aago mélòó ló lù nípasẹ̀ imú mi ju nípasẹ̀ aago ara ògiri lọ.

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì yẹn ni Àǹtí ti pàdé ọkùnrin náà. Ẹ̀rọ ló ń tún ṣe níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Àǹtí ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá, wọ́n ń pariwo pé kí ìfófòó ẹnu rẹ̀ má kàn wọ́n. Ọkùnrin yìí nìkan ló dúró. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ká a, ó tì í sábẹ́ orí Àǹtí, ó sì lé àwọn tó ń wòran lọ. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn náà, títí kan ìyá tó bí i lọ́mọ, nítorí Àǹtí bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ. Nígbà tó wá kí Màmá nílé, Màmá fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, èyí sì bí i nínú, torí kò fẹ́ràn kí òun tètè fẹ́ràn èèyàn.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọkùnrin náà fẹ́ kúrò nílé iṣẹ́. Ó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, kó máa lọ láti abúlé sí abúlé láti tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ṣe. Ìyàwó rẹ̀ á wà nílé láàárín àwọn èèyàn rẹ̀.

“Ọkùnrin yìí ò burú,” ni Màmá wí fún bàbá mi. “Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa wà nílé lọ́sàn-án. Ìlú lọmọ mi fẹ́ lọ fẹ́.”

Nílẹ̀ wa, bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá ti ń lọ báyìí, ìdílé kọ̀ọ̀kan á rán èèyàn lọ ṣèwádìí ìdílé kejì. Ẹni tó jìnnà díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń rán, kí wọ́n má baà dá a mọ̀. Á béèrè bóyá olè wà níbẹ̀, bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá wọ́n máa ń lu ìyàwó. Màmá kọ̀ láti rán ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní, kò sì sẹ́ni tó lè fi í sí lẹ́nu láìtú àṣírí ọmọ rẹ̀: kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀? Ó ní òun fúnra òun ló máa lọ. Ó ní òun máa ṣe bí ẹni tó ń wá ibi tí gàrí ti dára, kóun lè máa tà á ní Ìsọlọ̀. Ó mú mi dání nítorí pé kò sẹ́ni tó ń fura sí ìyá àgbà tó fa ọmọ lọ́wọ́.

A wọ ọkọ̀ ní Òṣòdì láàárọ̀ kùtùkùtù, a kọjá Ọ̀tà, a sọ̀ kalẹ̀, a sì gun kẹ̀kẹ́ márúwá gba ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa wọ ìlú náà. Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ kí a tó sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo iwájú ilé ni wọ́n ti gbá, ojú ọwọ̀ ṣì wà lórí yanrìn. Igi máńgòrò wà káàkiri, ìjókòó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ibẹ̀ dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ìró sálúbàtà ọmọ kan tó ń sáré lójú ọ̀nà kejì. Gbogbo ẹni tí a bá pàdé ló ń kí wa. Bàbá kan tó ń hun apẹ̀rẹ̀ dìde lórí àga rẹ̀ fún Màmá, ó ní kó jókòó sinmi.

“Ó mọ́ jù,” ni Màmá wí nígbà tí a kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. “Wọ́n dáa jù. Wèrè wọn dà?”

Mo ní bóyá wọn ò ní wèrè.

“Ìlú wo ni ò ní wèrè kankan? Ibo ni wọ́n kó wọn sí?”

Bí a ṣe rìn ká ìlú náà nìyẹn. Ibi tí mo ti rí òdòdó, etí gọ́tà ni Màmá ń wò. Ó wo kànga, ó wo àtẹ̀gùn ilé, ó wo bí wọ́n ṣe ń dáná, bóyá inú ààrò tó ní ògiri ni àbí orí òkúta mẹ́ta nílẹ̀ gbalasa. Gbogbo ohun tó lè pa ẹni tó bá ṣubú láìròtẹ́lẹ̀ ló ń wá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ló ti fi ń wò wọ́n nílé wa, ojú rẹ̀ kì í tàsé wọn mọ́.

Lẹ́yìn èyí la wá dé àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan gàrí. Àwọn obìnrin bíi márùn-ún ló wà níbẹ̀, èéfín kún ibẹ̀, òórùn kíkan ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ sì gba afẹ́fẹ́. Ìyá kan tó ga, tó dúdú, tó fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ èjìká, ló jẹ́ ọ̀gá wọn. Ó jókòó sídìí agbada ńlá kan, ó ń fi igbá da gàrí síwá sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró fún ìgbà tí Màmá fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ìyá Onígàrí ni gbogbo wọn ń pè é. Ó bu gàrí gbígbóná sí mi lọ́wọ́, ó fi àgbọn kún un. Títí dòní, mi ò tíì jẹ gàrí tó dùn tó yẹn.

“Ibo lẹ ti wá, ìyá?” ó bi Màmá.

“Múṣín,” ni Màmá dáhùn, wẹ́rẹ́ báyìí. Mo gbójú sókè wò ó. Ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ẹ kú ìrìn o. Ọmọ mélòó lẹ bí? Ọmọbìnrin ńkọ́, ṣé wọ́n ti lọ sílé ọkọ tán?”

Nínú ọkọ̀ tí a ń padà lọ sílé, Màmá gbé báàgì gàrí lé itan, ó ń yí tẹ̀sùbáà rẹ̀. “Ìyá yẹn ń bi mí ju bí mo ṣe ń bi í lọ,” ó wí. Ìgbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Èkó ló tó sọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. Ó ní Ìsọlọ̀ náà rí bíi ti ìlú yìí nígbà tóun wà lọ́mọdé: oko wà lẹ́yìn ilé, odò wà nísàlẹ̀, gbogbo èèyàn mọ gbogbo èèyàn, ẹ̀rín kì í sì í kúrò lẹ́nu wọn. Àwọn ará àtijọ́ tó ń rẹ́rìn-ín jù yẹn, ó ní, àwọn náà ni wọ́n kọ́kọ́ ya abọ́ ọmọ òun sọ́tọ̀. Wọn ò yé kí òun láàárọ̀. Wọ́n á kí òun tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n á sì ti ọmọ tiwọn wọlé. Èyí ló dùn ún jù, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ṣì ń dùn ún.

Nígbà kejì tí a lọ, a ò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tí bàbá tó ń hun apẹ̀rẹ̀ fi juwọ́ sí wa.

“Màmá Ìsọlọ̀, ẹ kú àbọ̀. Ọ̀nà ò burú jù?”

Màmá dúró lójijì. Ó dáhùn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fà mí yà sẹ́yìn igi máńgòrò. “Ta lo sọ fún pé Ìsọlọ̀ la ti wá?”

Mo fi Ọlọ́run búra pé mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó tẹjú mọ́ mi fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó gbà mí gbọ́, ìyẹn ló tún wá burú jù. Láti ìgbà náà, kò tún jẹ ohunkóhun tí wọ́n bá fún un níbẹ̀. Ó máa ń dì í sínú ìdí ìró rẹ̀, ó ní òun máa jẹ ẹ́ nílé. Gàrí tí a rà kún ilé wa débi pé bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá a ti di oníṣòwò lóòótọ́. A mu gàrí láàárọ̀, a jẹ ẹ̀bà lálẹ́. Lójoojúmọ́ ni Àǹtí ń béèrè pé kí ni Màmá rí, Màmá á sì dáhùn pé òun ò tíì rí nǹkan kan, pé ohun tó ń kọ òun lóminú nìyẹn.

Ọjọ́ karùn-ún tí a lọ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Oòrùn mú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Gbogbo agbada ló wà lórí iná, Ìyá Onígàrí sì ń pa àwọn yòókù lẹ́rìn-ín nípa àkùkọ rẹ̀ kan tó ń kọ lọ́sàn-án. Màmá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn náà ó bọ́ tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀, ó fi í lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

“Di èyí mú,” ó sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Ohunkóhun tó o bá rí, má sunkún.”

Ó dìde bí ẹni tó fẹ́ na ẹsẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ lulẹ̀. Ara rẹ̀ le, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín rẹ̀ so pọ̀, itọ́ funfun yọ létí ẹnu rẹ̀. Gèlè rẹ̀ tú, irun ewú rẹ̀ wọ inú eérú. Mo ti rí Àǹtí nígbà tó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe rí gan-an nìyẹn, kò ku ohunkóhun. Ọwọ́ Màmá ni Àǹtí máa ń wà nígbàkigbà tó bá ṣubú, kò sí bí kò ṣe ní mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n èmi ò rò ó débẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rò pé Màmá ń kú lọ ni. Mo ké.

Kò sẹ́ni tó sá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí nípa ìlú náà. Ìyá Onígàrí ju igbá ọwọ́ rẹ̀ nù, ó fò wá sílẹ̀, ó gbé orí Màmá lé itan, ó fi ọwọ́ lásán nu itọ́ ẹnu rẹ̀. Wọ́n ń pe Jésù. Ọ̀kan sáré mú ṣíbí wá láti fi la eyín rẹ̀, omijé ń dà lójú òmíràn. Àwọn ìyá wọn ti kọ́ wọn pé ooru iná ló máa ń pe ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ padà.

“Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wá síbi iná,” ni Ìyá Onígàrí ń wí. “Ẹ tètè. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.”

Àwọn méjì gbé ẹsẹ̀ Màmá, wọ́n ń kẹ́ ẹ bí ẹyin, wọ́n sì gbé e lọ tààrà sídìí ààrò. Mo rí i pé ojú Màmá kan là. Ó wo iná, ó wo àwọn tó gbé e. Bí ooru ṣe kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ta kìjí.

“Ẹ fi mí sílẹ̀. Ara mi yá. Mo ní ara mi yá.”

Wọ́n fi í sílẹ̀ lóòótọ́, ó jókòó pẹ̀tẹ̀ sílẹ̀. Gàrí tó wà nínú agbada bẹ̀rẹ̀ sí í jó, kò sì sẹ́ni tó dìde sí i. Màmá ń wá gèlè rẹ̀ nínú eérú.

“Ìyá,” ni Ìyá Onígàrí wí nígbẹ̀yìn, “èmi ni ìyá ọkọ tí ọmọ yín fẹ́ fẹ́. Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá ni mo ti mọ̀ yín. Ọmọ mi ti pè mí lórí fóònù pé ìyá ìyàwó òun máa ń fura, pé ẹ máa wá wò wá láìsọ. Mo bẹ gbogbo ìlú kí wọ́n ṣe dáadáa sí yín.”

“Mo mọ̀,” ni Màmá wí. “Mo mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn ti pọ̀ jù.”

“Àmọ́ kò sọ fún mi pé wárápá ń ṣe yín.”

Mo wo ojú Màmá. Kó ní eré lòun ṣe, kó sì bá ọ̀rọ̀ gàrí lọ, kò le. Àmọ́ ìyá ọkọ ti gbà báyìí pé àìsàn náà wà nínú ìdílé wa, kò sì ní gbà mọ́ pé eré ni. Màmá wé gèlè rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

“Kì í ṣe èmi. Ọmọ mi ló ń ṣe. Àǹtí ọmọ yìí, ìyàwó ọmọ yín.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa sá ni. “Ẹ ò sá,” ó wí. “Ẹ fẹ́ sun mí. Mi ò tíì mọ èyí tí mo máa mú nínú méjèèjì.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wá ní kí n wá dùbúlẹ̀ lórí àpò gàrí kan. Ó fi mí kọ́ wọn ní ohun tí nọ́ọ̀sì kan ti fi kọ́ òun: ẹ gbé iná àti ohun mímú kúrò nítòsí, ẹ tú ohun tó bá fún un lọ́rùn, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè máa jáde, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ jókòó tì í títí ó fi máa jí. Àwọn obìnrin náà tò, wọ́n ń yí mi sí ẹ̀gbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ wọn gbóná, ó ń rùn gàrí. Ìyá Onígàrí ló ṣe é kẹ́yìn. Ó yí mi, ó wò mí níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí.

“Ẹ máa lọ sílé, ìyá,” ó wí fún Màmá. Kò sìn wá dé ọ̀nà lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ọkùnrin náà máa ń wá jókòó sórí àtẹ̀gùn wa lẹ́yìn iṣẹ́, ó ní ìyá òun kì í gbé fóònù òun. Àǹtí ò bá Màmá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó wá sọ̀rọ̀, inú kíṣìnnì ni, Màmá ń ṣa ẹ̀wà, èmi ń bá a ṣà.

“Màmá, ẹ ti spoil ẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ ara mi ni, èmi ló yẹ kí n sọ ọ́. Ẹ lọ ṣubú láàárín àwọn èèyàn tí mi ò tíì rí sójú.”

“Mo fẹ́ mọ̀ ni.”

“Ẹ ti wá mọ̀ báyìí. Kí lẹ mọ̀?”

Àjàgbé kan ń kọjá níta, àwọn ife ń mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù, Màmá ò sì na ọwọ́ sí i. Àánú àwọn méjèèjì ṣe mí, mi ò mọ ẹni tí ǹ bá gbè lẹ́yìn.

Àárọ̀ Sátidé kan ni Ìyá Onígàrí dé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ rẹ̀. Mo bá a lẹ́nu géètì wa, táwẹ́ẹ̀lì léjìká, ó dúró sétí gọ́tà iwájú ilé tí kò ní ìdérí, ó ń wo inú rẹ̀.

“Ṣé orí eléyìí ló ń gbà kọjá lójoojúmọ́?” ó bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó mi orí. Ó gun àtẹ̀gùn wa, ó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó fà á wò bóyá ó dúró. Ó wo ibi tí a gbé sítóòfù sí. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó bó ṣe ń wo ilé wa, mo sì rí i pé ó ń bí i nínú gidigidi.

Àǹtí kúnlẹ̀ kí i. Ìyá náà gbé e dìde, ó wò ó láti òkè délẹ̀. Kò kókìkí rẹ̀, kò sì ṣépè. Ó ní, “Ìyàwó mi, tẹ́ ẹní sílẹ̀. Dùbúlẹ̀ fún mi.”

Àǹtí wo Màmá. Màmá ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àǹtí tẹ́ ẹní, ó dùbúlẹ̀.

“Ọmọ tí ẹ fi kọ́ wa lọ́jọ́sí fúyẹ́,” ni Ìyá Onígàrí sọ fún Màmá, ó ń ká apá aṣọ rẹ̀. “Ẹnikẹ́ni ló lè yí ọmọ. Mi ò sùn dáadáa látìgbà náà. Èmi ni mo máa wà nílé pẹ̀lú rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá agbára mi máa ká àgbàlagbà.”

Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká rẹ̀, ó tì í. Kò yí. Àǹtí sanra díẹ̀, ìyá náà sì ti dàgbà. Ó mí kanlẹ̀, ó yí ipò padà, ó fi orúnkún dúró dáadáa, ó tún tì í. Àǹtí yí sí ẹ̀gbẹ́. Ìyá náà dá a padà sí ẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun tún un ṣe. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Àǹtí ti ń sunkún níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó kọjú sí ògiri, ìyá náà sì gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

Màmá yí padà, ó wọ kíṣìnnì. Mo tẹ̀ lé e. Ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ, ó fi etí ìró bo ojú, ó sì sunkún bí mi ò ṣe rí i kó sunkún rí.

Ọdún ti lọ lórí rẹ̀. Ìlú yẹn ni Àǹtí wà di òní, ó bímọ síbẹ̀. Ó ti ṣubú níbẹ̀ láwọn ìgbà mélòó kan, lójú ọ̀nà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ilé, kò sì sẹ́ni tó gbé iná wá. Ìyá Onígàrí ti darúgbó, kò lè yí ẹnikẹ́ni mọ́, àmọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ máńgòrò mọ̀ ọ́n ṣe. Màmá ti kú. Títí tó fi kú, bó bá ti lọ kí wọn níbẹ̀, ó ṣì máa ń wo inú kànga kó tó kí ẹnikẹ́ni.

Ailegun, nítòsí Ìsọlọ̀, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé báyìí. Nígbà tí a ń wá ilé, onílé kan gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó bu omi fún wa, ó ń yin àdúgbò rẹ̀, inú ọkọ mi dùn, ó fẹ́ gbà á lójú ẹsẹ̀. Èmi ní kó jẹ́ ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn, láìsọ fún onílé náà, ká jókòó sójú ọ̀nà, ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni tí ò lè ṣe wọ́n lóore. Nínú kẹ̀kẹ́ tí a ń bá bọ̀, ọkọ mi ní ìfura mi ti wá pọ̀ jù, ó ní ta ló kọ́ mi. Mo sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn èèyàn nílé wa nìyẹn.